Ọwọ́ Àwọn Àgbà Wa Tí Ń Gbọ̀n
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Lọ́pọ̀ ìgbà ni ẹgbẹ́ yìí ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà, lórí omi, àti lórí ilé-ẹ̀kọ́. Lónìí, a bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí ọwọ́ àwọn àgbà wa.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ bàbá tàbí ìyá kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tí ó bá gbé e lé itan jẹ́ẹ́. Àwọn mìíràn wà tí ọwọ́ wọn kò gbọ̀n rárá, ṣùgbọ́n tí ó le, tí ó sì ń lọ́ra. Bọ́tìnì ẹ̀wù di iṣẹ́ ńlá, gèlè kò ṣeé wé mọ́, ọbẹ̀ ń dà sílẹ̀ kí ó tó dé ẹnu, ìwé tí wọ́n ń kọ sì ń kéré sí i títí ojú kò fi ní lè kà á mọ́. Bí wọ́n bá ń rìn, wọn kì í ju apá kan mọ́.

James Parkinson, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó kọ̀wé nípa àrùn yìí ní ọdún 1817, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é títí di òní. Inú ọpọlọ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí ń ṣe èròjà tí a ń pè ní dopamine, èyí tí ọpọlọ fi ń darí ara. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí bá ń kú, èròjà náà a dínkù, ara a sì máa falẹ̀. Àrùn náà kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Àwọn dókítà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn wà lára wọn, wádìí rẹ̀ láti ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà, wọ́n sì tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1988: wọ́n bá a níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ṣírò pé àwọn tí ó ní i ní gbogbo ayé lé ní mílíọ̀nù 8.5 ní ọdún 2019.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yé fi ìyàwó ilé sùn pé òun ni ó di ọwọ́ bàbá. Ẹ jẹ́ kí a yé sọ pé ọtí ni ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Ìtìjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń lé àgbà kúrò nídìí àwo oúnjẹ àti kúrò láàárín ẹgbẹ́. Muhammad Ali, ògbóǹtarìgì akànṣẹ́ tí ó bẹ Nàìjíríà wò ní ọdún 1964, ni àwọn dókítà sọ fún ní ọdún 1984 pé ó ní àrùn yìí. Ní ọdún 1996, ní Atlanta ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó fi ọwọ́ tí ń gbọ̀n tan iná eré Òlíḿpíìkì lójú gbogbo ayé.

Oògùn wà, levodopa ni olórí wọn. Kò pa àrùn náà run, ṣùgbọ́n ó ń mú ara fúyẹ́. Síbẹ̀, oògùn nìkan kò tó; ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ sì gbọ́ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ wa: àrùn yìí ń tan ẹni tí ó ní i jẹ. Ó lè rò pé òun ti na apá tán, nígbà tí apá kò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì purọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń pe díẹ̀ ní púpọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi nílò ojú ẹlòmíràn tí yóò máa sọ pé, “Bàbá, ó kù díẹ̀, ẹ nà án sí i.”

Ojú yìí ni fóònù lè gbé wá bá wa. Àwọn onífisiotẹ́rápì, èyíinì ni àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ fífi eré ìdárayá tọ́jú ara, pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ju ìgbèríko lọ. Owó ọkọ̀ àti àárẹ̀ ọ̀nà sì lè gba gbogbo agbára tí aláìsàn ìbá fi ṣe eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé fóònù kalẹ̀ tí àwòrán aláìsàn hàn kedere, láti orí dé ọmọ ìka, olùtọ́jú lè jókòó sí Ìbàdàn tàbí Èkó kí ó máa wò ó, kí ó sì máa tọ́ ọ sọ́nà.

Iṣẹ́ náà kò ju agbára wa lọ. Kí bàbá jókòó sórí àga tí kò mì. Kí ó la ọwọ́, kí ìka márààrún yà síra wọn, kí ó sì di ẹ̀ṣẹ́. Kí ó fi àtàǹpàkò kan àwọn ìka yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó na apá méjèèjì tantan. Kí ó ṣa ẹ̀wà ní hóró kọ̀ọ̀kan láti inú àwo kan sínú èkejì, kí ó de bọ́tìnì, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà láàárín ìlà méjì tí a fà fún un. Kí ẹnìkan máa kà á sókè, “ení, èjì, ẹ̀ta,” tàbí kí ó máa pàtẹ́wọ́, nítorí ìró tí ó dọ́gba ń ran ara lọ́wọ́ láti gbéra. Àkókò tí oògùn bá ń ṣiṣẹ́ lára ni ó dára jù. Ọ̀nà kan tí a fi ń kọ́ aláìsàn láti máa nà tantan báyìí jẹ́ wákàtí kan lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, pẹ̀lú ìdánrawò ojoojúmọ́ nílé.

A kò sọ pé kí fóònù rọ́pò dókítà. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tí ń gbọ̀n ni ó ní àrùn Parkinson. Dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dára pẹ̀lú kí olùtọ́jú kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan apá aláìsàn, nítorí fóònù kò lè mọ bí iṣan ti le tó. Kí ẹnìkan wà nítòsí, kí aláìsàn má baà ṣubú. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá oògùn dúró lójijì.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ ẹgbẹ́ wa fún. Èkíní, kí a ya iyàrá kan sọ́tọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìlú, tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú àga tí ó lágbára àti fóònù kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀. Èkejì, kí àwọn ẹ̀ka wa ní Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun dá owó olùtọ́jú jọ. Ẹ̀kẹta, kí a yan àwọn ọmọ kíláàsì àgbà tí yóò máa gbé fóònù dúró, tí yóò sì máa ka iye fún àwọn àgbà. Àwa olùkọ́ ṣe tán láti kọ́ wọn.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn àgbà wọ̀nyí ni ó di ọwọ́ wa mú nígbà tí a kọ́kọ́ ń kọ A, B, D. Ó kàn wá báyìí láti di tiwọn mú.