Oníbodè Ńkọ́? Fíìmù Ayé Mìíràn àti Àwa Yorùbá ní Barking àti Dagenham

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àwọn fíìmù tí èèyàn ti ń gba ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí ayé mìíràn. Ẹ mọ̀ wọ́n. Nínú fíìmù Narnia tó jáde ní 2005, Lucy wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ó ń fọwọ́ ti ẹ̀wù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó mọ̀, ó ti ń tẹ yìnyín mọ́lẹ̀. Harry Potter ní tirẹ̀ forí lé ògiri ní King's Cross, ògiri sì gbà á wọlé. Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn wọn, èmi náà fẹ́ràn wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ náà rò pé òyìnbó nìkan ló ni irú ìtàn báyìí.

Tiwa ti wà tipẹ́, ibi kan ló sì ti yàtọ̀ sí tiwọn: ẹnu ọ̀nà tiwa ní oníbodè. Kò sẹ́ni tó bi Lucy ní nǹkan kan kó tó wọlé. Nílùú olódi láyé àtijọ́, ta ló jẹ́ gbà bẹ́ẹ̀? Àlejò á sọ ibi tó ti ń bọ̀ àti ohun tó ń wá, oníṣòwò á san owó ibodè lórí ẹrù rẹ̀. Àwọn baba wa gbà pé irú oníbodè yìí wà lọ́run pẹ̀lú. Wọ́n ní ẹni tó ń bọ̀ wáyé á kọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ oníbodè, á ro ohun tó fẹ́ lọ ṣe láyé fún un. Àbíkú pàápàá á dá ọjọ́ tí yóò padà. Ọ̀rọ̀ téèyàn bá sọ níbẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ lé e kiri títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ wo D. O. Fágúnwà nínú Igbó Olódùmarè, tó jáde ní 1949. Olówó-ayé, akọni inú ìwé náà, dé ibodè igbó náà, Àǹjọ̀nnú-ìbẹ̀rù, oníbodè ibẹ̀, sì dìde sí i. Ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi jà. Ẹni tí kò bá lè sọ irú ẹni tóun jẹ́ níwájú oníbodè yẹn, ilé ló yẹ kó padà sí. Ọ̀pọ̀ olùdarí fíìmù lónìí ì bá ti fo ìjà ẹnu yẹn kọjá kí wọ́n lè tètè dé ibi tí idà ti ń dún.

Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tún wá gbé e gba ibòmíràn. London níbí ni Faber and Faber ti tẹ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní 1952. Ọ̀mu tó ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú lọ sí ìlú àwọn òkú dé ìdí igi funfun kan tó ní ilẹ̀kùn, òun àti ìyàwó rẹ̀. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ta ikú wọn lẹ́nu ọ̀nà: pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6. Ìbẹ̀rù wọn ńkọ́? Wọ́n yá a fún ẹlòmíràn, pẹ̀lú èlé oṣooṣù. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n gba ìbẹ̀rù wọn padà, ṣùgbọ́n ikú ti di títà, kò ṣeé gbà mọ́. Bí wọ́n ṣe di ẹni tí kò lè kú nìyẹn, síbẹ̀ tí àyà ń já. N kò tíì rí fíìmù Hollywood kan tó ronú jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nípa ohun tí ẹnu ọ̀nà ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ní 1963 Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn yìí di eré orí ìtàgé lédè Yorùbá.

Lórí fíìmù náà, a kò jókòó lásán. Ní 1982 Ọlá Balógun darí Ọ̀run Móoru, tí Bàbá Sàlá ti lọ sọ́run tó tún bọ̀. Àwọn olè àdàkọ ló ba ọjà fíìmù náà jẹ́ tí gbèsè fi wọ Bàbá Sàlá tó ni ín lọ́rùn. Nínú Àníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, ní 2022, Sàró ń jí òkú. Nígbà tí apá kejì dé ní 2024, òun náà kú, ọ̀run kò sì gbà á wọlé: àfi kó padà wá kó àwọn tó jí.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ jókòó síbí, ẹ mọ oníbodè jù mí lọ. Ẹ ti dúró níwájú òṣìṣẹ́ Immigration rí ní Heathrow, pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, tí wọ́n ń bi yín ohun tí ẹ wá ṣe àti ọjọ́ tí ẹ máa padà. Àwọn kan ta nǹkan lẹ́nu ọ̀nà yẹn tí wọn kò rí rà padà. Ẹlòmíràn fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nílé, ẹlòmíràn kò bá ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá mọ́. Ìtàn nìyẹn, àwọn ọmọ wa ló sì yẹ kó kọ ọ́.

Ibi tí wọ́n á ti sọ ọ́ di fíìmù kò jìnnà. Ẹ̀yin àgbà rántí oògùn M&B. May & Baker, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, kó wá sí Dagenham ní 1934, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe M&B 693 tí wọ́n fi tọ́jú òtútù àyà Churchill ní 1943, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ ti Dagenham ti kásẹ̀ nílẹ̀. Lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Dagenham East ni Eastbrook Studios wà báyìí, tó ní gbọ̀ngàn ìyafíìmù 12. Iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ télọ̀ wà níbẹ̀, ó dára, ẹ lọ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ wa máa kan ilẹ̀kùn ìtàn ẹlòmíràn nìkan.

Mo ní àbá kan fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Curfew Tower wà ní Barking níbí, ibodè ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn, láti nǹkan bí 1460. Ọba Gẹ̀ẹ́sì tú ilé náà ká ní 1539, wọ́n wó o, ó ku ibodè. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Dagenham gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lálẹ́, kí oníbodè dá a dúró, kó bi í ní oríkì rẹ̀ lédè Yorùbá. Kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má fún un ní ọ̀pá idán. Ẹ jẹ́ kó padà sílé lọ jí ìyá ìyá rẹ̀ lójú oorun, kí ìyá náà sì kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ fi oríkì ṣe láago méjì òru.