Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ òní. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ǹjẹ́ òfin yìí kan àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bí?

Ní ọdún 1980, Christiane Nüsslein-Volhard àti Eric Wieschaus, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Heidelberg ní ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwádìí wọn lórí kantíkantí jáde. Wọ́n rí i pé bí jíìnì kan bá bàjẹ́ lára kòkòrò yìí, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ a bo ìdin rẹ̀. Wọ́n bá fi orúkọ ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kan tí ó jọ òòrẹ̀ pè é: hedgehog. Orúkọ náà bá a mu. Iṣẹ́ yìí sì wà lára ohun tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1995.

Ní ọdún 1993, a rí irú jíìnì yìí lára àwọn ẹranko eléegun ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wọn ni a sọ ní Sonic hedgehog, orúkọ akọni eré ọmọdé tí ilé-iṣẹ́ Sega gbé jáde ní 1991, tí ó sì di eré àwòrán ẹ̀fẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 1993 kan náà.

Kí wá ni iṣẹ́ jíìnì yìí? Nínú ọlẹ̀, ó wà lára ohun tí ń fi ipò àtàǹpàkò àti ìka ọmọńdinrín hàn. Ó tún ń mú kí iwájú ọpọlọ pín sí méjì. Bí ó bá kùnà, ọpọlọ lè má pín. Àwọn ọmọ mìíràn a sì wáyé pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo. Ní ọdún 1996 ni a fi ìdí èyí múlẹ̀ lára ènìyàn. Ẹ fojú inú wo dókítà tí ó jókòó ti ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ wo ni yóò pe ohun tí ó ṣe ọmọ náà? Orúkọ eré tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò nílé ni.

Ẹnìkan lè ní orúkọ tí ó pani lẹ́rìn-ín kì í tètè kúrò lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005, a sọ jíìnì kan tí ń ran àrùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́ ní Pokemon. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni eré àwòrán náà halẹ̀ pé àwọn yóò pẹjọ́, a sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Zbtb7. Orúkọ eré rí agbẹjọ́rò. Ta ni agbẹjọ́rò ọmọ aláìsàn?

Ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò orúkọ jíìnì ènìyàn ti là á sílẹ̀ pé orúkọ kò gbọdọ̀ bu ẹnikẹ́ni kù. Síbẹ̀, Sonic hedgehog kò kúrò nínú ìwé. Ní tèmi, kí dókítà lo ìkékúrú rẹ̀, SHH, níwájú òbí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín pé ẹni tí ó ń sọ nǹkan lórúkọ ní yàrá ìwádìí, kí ó rántí ẹni tí yóò gbọ́ orúkọ náà ní ilé ìwòsàn.