Ariwo Tuntun Lára Ọkọ̀ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ti Ọ̀dọ̀ Mẹkáníìkì Dé



Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń kó gbágùúdá, ọsàn àti tòmátò wa lọ sọ́jà ni. Bí ọ̀nà oko ti rí, ọkọ̀ wa kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Àmọ́ nígbà mìíràn, ọkọ̀ á ti ibẹ̀ dé, á wá máa dún bí kò ṣe dún rí. Àwọn kan á ní, "Ṣebí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni," wọn á sì di ẹrù lé e. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ibi tí mẹkáníìkì fọwọ́ kàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ bi í pé: kí lo tú, kí lo pààrọ̀? Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ pádì bíréèkì á kọ́kọ́ tú táyà. Nǹkan tó tú láti ráyè ṣiṣẹ́ lè má wọlé dáadáa mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa rédíò, ẹ yí gíláàsì wálẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn àga pẹ̀lú, bóyá jáàkì tí wọn ò dè ló ń dún.

1. Bó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, tó ń yára bí ọkọ̀ ti ń yára, tí wọ́n sì ti tú táyà, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì táyà ló dẹ̀. Ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà. Ẹ fi sípánà fún àwọn nọ́ọ̀tì náà. Ẹ má fún wọn yípo. Bí ẹ bá fún ti òkè, ẹ lọ sí èyí tó dojú kọ ọ́ nísàlẹ̀. Bí ihò nọ́ọ̀tì bá ti fẹ̀, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Kódà bí kò dún, ẹ tún wọn fún lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100.

2. Bí irin bá ń ha irin lẹ́yìn iṣẹ́ bíréèkì, ó lè jẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn bíréèkì ló tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bíréèkì bá ń rì wọlé, tàbí tí ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má wà á lọ síbì kankan. Ẹ pe mẹkáníìkì wá bá a.

3. Bó bá ń han fíín nígbà tí ẹ bá ṣáná sí i, ẹ wo fáànbẹ́líìtì. Ó lè dẹ̀, tàbí kí epo ti kàn án. Ẹ pa ẹ́ńjìnì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

4. Bó bá ń dún gbà-gbà lábẹ́ nígbà tí ẹ bá kó sí kòtò, ẹ wo bóòtù ṣọ́ọ̀kì àti ohun tó gbé sàlẹ́ńsà kọ́. Sàlẹ́ńsà máa ń gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Bí ẹ bá padà sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má fi ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó jókòó tì yín, kí òun náà gbọ́ ariwo ọ̀hún. Bó bá ní kí ẹ ra nǹkan mìíràn, ẹ ní kó kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ àná wò.

Òòjọ́ ọjà kan lè fò yín o, ìyẹn kò tó nǹkan. Tòmátò tó bá dànù, a ó gbin òmíràn. Ẹni tó jókòó sórí ẹrù ńkọ́? Ẹ wádìí ariwo náà kí ẹ tó di ẹrù.

Ọ̀nà á là fún wa o.