Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún Ẹnì Kọ̀ọ̀kan
Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù



Àṣà ẹ̀ka wa ni pé nígbà tí a bá ti gba owó oṣù tán, kí á sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun kan tí ó lè là wá lójú. Lónìí, ọ̀rọ̀ etí òkun ni a gbé wá. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín kò tíì fi ojú kan òkun rí. Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn kan ṣe ń wá ẹran nínú iyanrìn lọ́nà jíjìn ní ẹ̀kọ́ nínú fún àwa tí ń gbé ìlú onílùú.

Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni ìpínlẹ̀ Washington wà. Kì í ṣe ìlú Washington tí Ààrẹ wọn ń gbé ni a ń wí o. Ìpínlẹ̀ yìí jìnnà sí ibẹ̀ púpọ̀, òkun Pàsífíìkì ni ó sì fi ṣe ààlà. Iyanrìn etí òkun rẹ̀ tẹ́jú lọ salalu. Inú iyanrìn yìí ni ẹran kan ń gbé tí wọ́n ń pè ní razor clam. Àwa yóò máa pè é ní kiláàmù. Ìkarahun méjì ni ó ní, tí wọ́n pàdé ara wọn bí èèpo ẹ̀pà. Ó gùn gbọọrọ, láti íǹṣì 3 dé 6, etí ìkarahun rẹ̀ sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè ya ọwọ́ aláìṣọ́ra. Orúkọ abẹ ni wọ́n fi ń pè é.

Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ń wà á, kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Fàájì ni wọ́n bá wá. Bàbá, ìyá àti ọmọ yóò jọ jáde, wọn yóò jọ wà á, wọn yóò sì jọ sè é jẹ.

Ohun kìn-ín-ní tí wọ́n ń ṣọ́ ni àkókò. Òkun a máa kún, a sì tún máa fà. Nígbà tí ó bá fà sẹ́yìn jìnnà ni ilẹ̀ tí kiláàmù ń gbé máa ń hàn síta. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wà máa ń dé ibẹ̀ ní bíi wákàtí kan tàbí méjì kí omi tó fà tán. Ní àkókò òtútù wọn, alẹ́ ni omi máa ń fà dáadáa, nítorí náà àtùpà ni wọ́n ń gbé lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá dúró lókèèrè, yóò rí iná tí ó tò lọ lẹ́bàá omi bí ọjà alẹ́.

Kiláàmù kì í yọ orí síta. Ihò kékeré tàbí kòtò róbótó lójú iyanrìn ni àmì rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ kí ó lè fa ọrùn wọlé, kí àmì rẹ̀ sì hàn. Ṣọ́bìrì kékeré ni ẹlòmíràn ń lò. Ẹlòmíràn a lo páìpù tí a dí lókè, tí a fi ihò kékeré kan sí. Yóò ti páìpù náà bọ iyanrìn lórí àmì, yóò fi àtàǹpàkò dí ihò náà, yóò sì fà á sókè. Iyanrìn àti kiláàmù a bá a jáde. Ó ní láti yára, nítorí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí kiláàmù ní ni ó fi ń walẹ̀ sá lọ sísàlẹ̀. Síbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ipá gún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìkarahun rẹ̀ yóò fọ́. Àwọn àgbà wa ti wí i pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Kò sì gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí òkun, nítorí ìgbì ńlá lè dé láìròtẹ́lẹ̀ kí ó sì gbé ènìyàn lọ.

Wàyí o, ẹ gbọ́ òfin ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 15 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Iye tí òfin sábà máa ń gbà fún ẹnì kan lójúmọ́ ni 15. Kì í ṣe 15 tí ó wù ú o. 15 àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ni. Ńlá ni o, kékeré ni o, èyí tí ó fọ́ ni o, gbogbo rẹ̀ ni yóò kà. Kò gbọdọ̀ ju kékeré nù kí ó lè wá ńlá, nítorí ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a bá sọ padà ni yóò kú, kò ní sí lórí iyanrìn, kò ní sí nínú ìkòkò. Olúkúlùkù sì gbọ́dọ̀ ní àpò tirẹ̀. Ọkọ kò gbọdọ̀ da tirẹ̀ mọ́ ti ìyàwó, kí ẹnikẹ́ni má bàa fara pamọ́ sẹ́yìn ẹnì kejì.

Ẹ jẹ́ kí á tún rántí àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà. Kí Òyìnbó tó dé ni ẹ̀yà Quinault ti ń wa kiláàmù ní etí òkun yẹn. Nígbà tí wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn ní ọdún 1855 sí 1856, ilẹ̀ púpọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹ̀tọ́ ẹja pípa sílẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ka àdéhùn náà sí. Ní ọdún 1994 ni adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan dá a pé ẹ̀tọ́ yìí kan ẹran oníkarahun pẹ̀lú, àti pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà tí ó bá ìjọba dá májẹ̀mú. Láti ìgbà náà ni onílẹ̀ àti àtìpó ti ń jókòó pọ̀ láti pinnu ọjọ́ tí a ó wa ilẹ̀ àti iye tí a ó kó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ju ti òfin lọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní ìgbà mìíràn, ewéko omi tíntìntín tí ojú kò lè rí a máa pèsè májèlé kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní domoic acid. Kiláàmù a gbé e mì, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Ènìyàn tí ó bá jẹ kiláàmù náà ni yóò jìyà. Ní ọdún 1987, àwọn tí ó lé ní 100 ṣàìsàn ní Kánádà lẹ́yìn tí wọ́n jẹ irú ẹran oníkarahun mìíràn tí a kó láti erékùṣù Prince Edward. Ó kéré tán ènìyàn 3 kú, iyè àwọn mìíràn sì ra. Ní ọdún 1991 wọ́n rí májèlé yìí nínú kiláàmù Washington, wọ́n sì ti etí òkun pa. Sísè kò lè pa á, dídín kò lè pa á, yìnyín kò lè pa á. Kò ní òórùn, kò sì yí adùn padà. Nítorí náà wọn a kọ́kọ́ mú díẹ̀ lọ yẹ̀ wò kí a tó ṣí etí òkun fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá wí pé ojú òun ni òun yóò fi mọ èyí tí ó dára ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tayò.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dára tán, ọ̀rọ̀ di ti ìdáná. Wọn a da omi híhó lé e títí ìkarahun yóò fi là, wọn a sì tètè gbé e sínú omi tútù kí ó má bàa jinná jù. Wọn a gé ṣóńṣó ọrùn rẹ̀ nù, wọn a là á, wọn a yọ ohun tí ó fi ń mí àti ìfun rẹ̀, wọn a sì fọ iyanrìn kúrò. Wọn a yí i nínú ìyẹ̀fun, wọn a rì í bọ ẹyin tí a lù, wọn a fi èérún búrẹ́dì bò ó, wọn a sì dín in nínú òróró gbígbóná, bíi ìṣẹ́jú kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pẹ́ lórí iná, yóò le bí rọ́bà. Àwọn mìíràn a fi ànàmọ́ òyìnbó, irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní Jos, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti mílíìkì sè é lọ́bẹ̀. Àwọn ìyá wa yóò bèèrè ibi tí ata wà. Ìyẹn kò sí nínú òfin, kí olúkúlùkù bu èyí tí ó tó o.

Ẹ má ṣe rò pé ọgbọ́n ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Ní Argungu, ní òkè Ọya wa níhìn-ín, wọn kì í jẹ́ kí a pa ẹja nínú odò Matan Fada títí di ọjọ́ ọdún ẹja, Sarkin Ruwa sì ni olùtọ́jú omi náà. Ọdún 1934 ni wọ́n sọ ọ́ di ọdún ńlá, láti fi àmì sí òpin ìjà láàárín Sókótó àti Kẹ́bbí. Nítorí pé wọ́n fi sùúrù pa odò mọ́, ẹja ńlá wà níbẹ̀ nígbà tí ọjọ́ bá pé.

Ẹ̀yin ará wa, ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í pẹ́ tán bí olúkúlùkù kò bá ka tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ sí odò láti pẹja, tàbí sí igbó láti ṣẹ́gi àti láti já ewé, ẹ kọ́kọ́ bi olórí àdúgbò léèrè àkókò àti ìwọ̀n. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé ká ní ìwé àṣẹ kò sọ pé ká kó gbogbo rẹ̀ tán. Bí onílẹ̀ bá sì wí pé omi kan kò dára ní àkókò kan, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ó lè jẹ́ pé ẹni rẹ̀ kan ti kú síbẹ̀ rí. Ọ̀kánjúwà kì í fi ibùgbé sílẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìwọ̀n yóò bá ẹran nínú iyanrìn lọ́la.