Ráàkì Tó Ń Jò: Ọ̀rọ̀ fún Dírẹ́bà àti Mẹkáníìkì

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà mẹkáníìkì wa sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí páwà sítíárín. N kò ní í pẹ́, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti wà lójú ọ̀nà láti ìdájí.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, bọ́ọ̀sì kan wà tí ráàkì rẹ̀ ń jò. Dírẹ́bà rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ́fíìsì ní kò sí owó, kí á máa bu ọ́ìlì kún un. Èmi gan-an ni mo ń bu ọ́ìlì náà láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan ọ́ìlì tán sójú ọ̀nà, sítíárín sì le lójijì bí ó ti fẹ́ yà ní kọ́nà. Bọ́ọ̀sì wọ kòtò. Kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ dírẹ́bà kán, orí bẹ́ẹ̀dì ni lẹ́tà kúẹ́rì sì ti bá a pé àìbìkítà ni. Ìwé ọkọ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ gbé síwájú ọ̀gá tí wọn kò fi lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ náà kò sì tún nà dáadáa mọ́ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí á mọ bí nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́. Ráàkì ni ọ̀pá eléyín tí ó dùbúlẹ̀ sínú páìpù láàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Jíà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá sítíárín ni ó ń tì í sọ́tùn-ún, sósì. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ lórí Peugeot 504 tí kò ní páwà, apá wa ni páwà! Ṣùgbọ́n nínú èyí tó ń lo ọ́ìlì, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń ti ọ́ìlì gba inú họ́ọ̀sì lọ sí ráàkì, ọ́ìlì yìí ni ó ń bá yín ti ọ̀pá náà. Bí ọ́ìlì bá tán, tí bẹ́líìtì já, tàbí tí ẹ́ńjìnì kú, ọkọ̀ yóò ṣì yà, ṣùgbọ́n yóò wúwo. Ẹ má rò pé ó ti há kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á, kí ẹ má sì yọ kọ́kọ́rọ́, nítorí sítíárín lè tì pa.

Ohun tó sábà ń pa ráàkì ni rọ́bà tó bo ìkángun rẹ̀ méjèèjì. Bí ó bá ya, iyanrìn àti omi á wọlé, ọ̀pá á dípẹtà, ìpẹtà náà á gé síìlì. Ẹ máa tẹ rọ́bà yìí wò. Bí ọ́ìlì bá wà nínú rẹ̀, síìlì ti lọ nìyẹn. Ẹ má da ọ́ìlì bíréèkì sí i láé, yóò ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń lo ọ́ìlì jíà pupa. Honda ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdérí. Bí ẹ bá yí sítíárín dé òpin, ẹ má dì í mú níbẹ̀, pọ́ǹpù á gbóná.

Kí ẹ tó ra ráàkì, ẹ wo afẹ́fẹ́ taya, ẹ wo bẹ́líìtì. Mo ti rí ẹni tí ó náwó ráàkì, tó jẹ́ pé taya rẹ̀ ni kò kún. Bí ẹ bá lọ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ti Ìlú Ọba wá. Apá òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, apá ọ̀tún ni sítíárín wọn wà, ráàkì wọn kò sì lè wọ ọkọ̀ wa tí a ti ń gba apá ọ̀tún láti 2 April 1972.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ to taya kó kọjú síwájú gan-an, kí ẹ sì so sítíárín mọ́lẹ̀ kí ó má yí. Bí ó bá yí lẹ́yìn tí ẹ ti tú ọ̀pá rẹ̀, wáyà báàgì afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á já, owó mìíràn nìyẹn. Jáàkì nìkan kò tó. Ẹ fi irin ìdúró gbé ọkọ̀ kí ọmọ ẹni kankan tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ yí orí ọ̀pá taya kó tó bọ́, iye kan náà ni kí ẹ fi dá a padà. Ẹ gbé báàfù sábẹ́ họ́ọ̀sì, kí ọ́ìlì má lọ sí gọ́tà. Ẹ fọ ọ́ìlì àtijọ́ kúrò nínú họ́ọ̀sì, nítorí ìdọ̀tí rẹ̀ ni yóò pa ráàkì tuntun. Ẹ yí ráàkì tuntun láti òpin dé òpin, ẹ ka a, kí ẹ sì dá a padà sí ìdajì kí ẹ tó so ó.

Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni àwọn ọmọṣẹ́ kì í ní sùúrù fún. Nígbà tí taya iwájú ṣì wà lókè tí ẹ́ńjìnì sì kú, ẹ rọra máa yí sítíárín lọ, yí i bọ̀, ẹ máa bu ọ́ìlì sí i, títí kò fi ní í hó mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó sáná. Bí ó bá ń ké, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ tọ́ ẹsẹ̀ taya kó tó gbé èrò. Ní ti àwọn ọkọ̀ tó jẹ́ iná ló ń ti sítíárín wọn, irú bíi Corolla 2009, ẹ má wá ọ́ìlì níbẹ̀, kò sí.

Ohun tí mo bẹ ẹ̀ka yìí ni kí á gbé e síwájú ọ̀gá pé ọkọ̀ tí ráàkì rẹ̀ bá ti ń jò, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ jáde. Èmi kò ní í bu ọ́ìlì sí irú rẹ̀ mọ́. Ìwé ọkọ̀ tuntun wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti kún, kí ó gba òmíràn kí ó tó lọ.