Bí A Ṣe Ń Fọwọ́ Dán Èèkù Ọ̀bẹ Àwọn Baba



Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ní í tún un ṣe.

Lásìkò ọdún, ohun ìní àwọn baba a máa jáde látinú àpótí. Ọ̀bẹ àpò, èyí tí wọ́n ń ká sínú èèkù onídẹ tàbí onírin, wà lára wọn, ìlà wẹ́wẹ́ sì ti kún un lára. Ọ̀dọ́ tó ń kánjú á gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ. Kó tó ṣẹ́jú, ìlà ti lọ, àmì tí baba fín sí i náà ti bá a lọ.

Ní 1886, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú. Ìgbà tí agbára Dàhòmì wó ni àwọn tó kù padà wá tún ìlú kọ́. Ohun ìní tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn irú òfò bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó tún ti ọwọ́ ọmọ onílé parun.

Agbẹ́gilére kì í fi àáké parí iṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀bẹ, ewé eèpín ló fi ń dán igi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti irin: láti orí èyí tó le dé orí èyí tó kúnná.

Ẹ ká ọ̀bẹ, ẹ fi aṣọ dì í. Ẹ fi ọṣẹ fọ èèkù, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fi èékánná tọ ìlà náà: bí kò bá kọ́ èékánná, kò jìn. Ẹ rẹ sáńpépà 400 sómi, ẹ máa fà á sí apá kan ṣoṣo. Bí ẹ bá bọ́ sí 800, ẹ fà á ní ìbú títí ipa ti àkọ́kọ́ yóò fi pòórá. Lẹ́yìn náà 1500, lẹ́yìn náà 2000. Ẹ máa ṣan án láàárín wọn. Fún idẹ, eérú tí a kù dáadáa pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò mú un tàn. Ẹ tètè ṣan án kúrò, torí kíkan rẹ̀ ń jẹ irin. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á.

Ìlà tó bá jìn, ẹ fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi irin mìíràn bo èèkù náà, ẹ má fi sáńpépà kàn án rárá. Àmì tí wọ́n fín sí i, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ìlú: ẹ fún àwọn alágbẹ̀dẹ láyè lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ yìí ní gbangba.

Àṣèyí ṣàmọ́dún o.