Ẹ Mọ Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ọmọ Yín Kí Ìdána Tó Dé

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì-fẹ̀yìntì kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa, bá wa sọ níbi àjọ̀dún, l'Ódògbolú

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò ohun tí ọmọ ń jogún nínú ẹ̀jẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá ń kú léralera, abíkú là ń pè é. Lónìí a ti mọ̀ pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa púpọ̀ nínú wọn.

Ní Nàìjíríà, bí ẹ bá ka ènìyàn mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan á jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó jẹ́ AS lè ta gààrí ẹ̀ títí dọjọ́ ogbó láì mọ̀. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Ẹ má sọ pé, "Àkọ́bí ti gbé e lọ, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́." Rárá o! Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tiẹ̀. AC náà wà láàárín àwa Yorùbá. AC àti AS lè bí SC, àìsàn sì lòun náà.

Ojú mi rí i. Wọ́n fún ọmọ àbúrò mi ní ìwé AA níbì kan. AS ni ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ̀. A ti ń yan aṣọ ẹbí nígbà tí mo ní kí wọ́n tún un ṣe níbòmíì. AS ló jáde. A ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, AS náà ni. Àwọn ọmọ sunkún, wọ́n sì túká. Nítorí náà, ẹ ṣe é níbi méjì, kí ìfẹ́ tó wọra.

Àyẹ̀wò ò sì rí bákan náà. Ìpín ẹ̀jẹ̀, bíi O tàbí B, kì í ṣe jẹnotáìpù. Ti DNA ni wọ́n fi ń mọ bàbá ọmọ. Ẹ má fi jẹnotáìpù tú ilé ká. Ti inú oyún wà, wọ́n ti ń ṣe é l'Ékòó láti àwọn ọdún 1990: wọ́n á mú díẹ̀ lára ibi ọmọ. Kì í wo àrùn sàn, àwọn òbí ló ń jẹ́ kó mọ ohun tó wà níwájú. Ti ọmọ tuntun ń jẹ́ kí oògùn tètè bẹ̀rẹ̀, kí ibà àti àkóràn má pa á. Jẹjẹrẹ ọmú tó ń rìn nínú ẹbí náà ní tiẹ̀. Dókítà ló máa sọ ẹni tó yẹ kó ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ SS, ẹ̀bi yín kọ́. Ẹ má fi ọmọ pamọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn déédéé. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má bú ìyá ẹ̀: tọkọtaya ló fún un.